Ọ̀pá Mẹ́ta Lábẹ́ Jìtá Wendell

Méjì nínú ọ̀pá irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni wọ́n tẹ̀ láàárín bí ìgbọ̀nwọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan níwájú wọn tí wọ́n ń yà fún. Ọlọ́pàá Thea Dudek fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pèpéle, orí rẹ̀ wà lábẹ́ jìtá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, ó ń wo àwọn ọ̀pá yìí bí ẹni tó ń wo ehín ẹṣin tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn so pẹ́dà kan nísàlẹ̀ mọ́ ikùn jìtá lókè. Bí olórin bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, ọ̀pá á fa okùn, ohùn á sì gòkè bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ìyẹn yé e. Ohun tí kò yé e ni ìdí tí ènìyàn á fi tẹ ọ̀pá tí ọ̀nà rẹ̀ tọ́.

"Thea, jáde níbẹ̀." Boyd Rasche ló sọ̀rọ̀ lókè orí rẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà. "Ẹjọ́ ti parí. Ẹni tó ṣe é wà látìmọ́lé, ó ń jẹ bísíkíìtì wa."

"Ọ̀gá, ẹ fún mi di aago márùn-ún."

"Kí lo rí lábẹ́ ibẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú."

Aago méjì ọ̀sán ni. Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n bá Wendell Krause, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó ni jìtá náà, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú gbọ̀ngàn àwọn àgbẹ̀ ìlú Halpern. Agbárí rẹ̀ ti là, bọ́tìnnì méjì sì ti já lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. Ẹni tó dá ṣubú kì í já bọ́tìnnì ara rẹ̀. Ó wà ní ọsibítù báyìí, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Cutbank, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, fẹ́ gun pèpéle fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Orin ará oko ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí, àwọn rédíò ńlá kò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀. Àwo mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó tú ká. Àwọn tó fẹ́ràn wọn wá fẹ́ràn wọn bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn òkú: láìsí àbùkù kankan. Láti òwúrọ̀ ni mọ́tò láti ìpínlẹ̀ mìíràn ti ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wọ Halpern nínú yìnyín. Gil Hostetler tó jẹ́ akọrin wọn sì ti sọ pé àwọn kò ní fagi lé e. Àwọn á kọrin náà fún Wendell.

Thea jáde lábẹ́ jìtá, ó gbọn ekuru aṣọ rẹ̀, ó wọ inú ilé ìdáná lọ.

*

Ìyá Fenske tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà ń gé páì ápù sí wẹ́wẹ́.

"Aago mẹ́sàn-án ni mo ṣílẹ̀kùn, tí mo tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, Wendell gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Mo bá lọ sílé lọ yan páì. Mi ò padà wá títí mo fi gbọ́ igbe Gil."

"Ìyá, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó to jìtá yẹn tán?"

"Wendell? Ọmọ Dudek, bí ẹni tó ń múra ìgbéyàwó ni. Wákàtí kan gbáko. Lánàá, mo fọ gbogbo àwo tó wà níbí tán, kò tíì tò ó tán."

"Kí ló dé tí kò fi í sílẹ̀ lórí pèpéle láti àná?"

"Nínú òtútù yìí? Ó gbé e lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì ló gbà. Bẹ́ẹ̀dì kejì, jìtá ló ni ín."

Aago tí Boyd gbé ẹjọ́ rẹ̀ kà nìyẹn. Wendell dé ní mẹ́sàn-án kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jìtá sì wà ní títò lórí pèpéle. Nítorí náà kò lè ṣubú kí aago mẹ́wàá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lù. Láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá ààbọ̀, Gil wà lórí rédíò ìlú, gbogbo àgbègbè gbọ́ ohùn rẹ̀. Nola Pruitt, onílù wọn, wà ní ilé ìfọṣọ láti aago mẹ́jọ ààbọ̀, ìyàwó Boyd fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í. Ẹni kan ṣoṣo tó wọ gbọ̀ngàn náà ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni Emmett Sorley, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà kiri. Wọ́n bá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹjọ́ náà mọ́ tónítóní.

Bí kì í bá ṣe ti ọ̀pá méjì tí wọ́n tẹ̀ láìnídìí.

*

Nola ń fa sìgá lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, apá rẹ̀ sì le bíi ti agbẹ́gi. Thea mú un wọlé, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ jìtá.

Nola wò ó.

"Ta ló so èyí?"

"Wendell kọ́?"

"Wendell ti ibo? Wendell máa ń fi ọ̀pá kìíní àti ẹ̀kẹta kọjá ara wọn ni, bí ẹni tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá arúgbó kan ní Kansas ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi tẹ̀ wọ́n nìyẹn, kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn." Ó fi ìka tọ́ ọ. "Wọ́n so èyí tààrà. Tó bá jókòó tì í báyìí, gbogbo ohùn tó bá tẹ̀ ló máa ṣì."

"Ó dá yín lójú?"

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sẹ́yìn ọkùnrin yẹn nídìí ìlù. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ."

"Bóyá ó ti yí i padà láti ìgbà tí ẹ ti pínyà."

"Lánàá ńkọ́? Lánàá tí a ṣe ìdánrawò, wọ́n kọjá ara wọn." Nola dìde, orúnkún rẹ̀ ró. "Thea, kí lò ń bá mi sọ gan-an?"

Thea ti ń ṣírò. Bí ẹlòmíràn bá to jìtá yìí, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló yí aago Boyd. Kò sí ẹni tó máa ti ènìyàn lulẹ̀ kó tó wá jókòó to jìtá rẹ̀ nítorí ìfẹ́ orin. Ó tò ó kí a lè rò pé Wendell ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, ní wákàtí tó ti wà nílẹ̀. Ta ni wákàtí yẹn wá ṣe láǹfààní? Ẹni tí kò ní ẹlẹ́rìí ṣáájú aago mẹ́wàá, àmọ́ tó ní ẹlẹ́rìí rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Wendell bá yín sọ̀rọ̀ kankan lánàá?"

"Ó ní nǹkan kan wà lọ́wọ́ òun tó jẹ́ ti Curtis. Pé lónìí, níwájú èrò, òun máa gbé e fún mi."

Curtis ni ẹ̀gbọ́n Nola, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú Gil. Mọ́tò rẹ̀ ló já sódò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí àwo kẹta wọn tó jáde. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ohun gbogbo tú.

"Ta ló tún gbọ́?"

"Gil," ni Nola wí. "A jọ wà nídìí oúnjẹ ni."

*

Gil Hostetler jókòó sí ẹnu ọ̀nà iwájú, ó ń kọ orúkọ àwọn orin tí wọ́n máa kọ sórí pépà. Ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ènìyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ọ.

"Ṣé ó ti lajú?" ni ó kọ́kọ́ béèrè.

Ìgbà kẹta tó máa béèrè láti ọ̀sán nìyẹn. Thea ti ń kà á.

"Kò tíì lajú. Ọ̀gá Gil, níbo lẹ wà láàárọ̀?"

"Rédíò. Ó ní láti jẹ́ pé ìwọ nìkan ni o ò gbọ́ mi."

"Ṣáájú rédíò ńkọ́?"

"Mo ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ kí ni ìyẹn já mọ́? Wendell ti to jìtá rẹ̀ tán kó tó ṣubú. Wákàtí kan gbáko nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà yá a lẹ́nu jù. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ikú kì í ṣírò wákàtí fún ọlọ́pàá.

"Ṣé ẹ̀yin náà lè bá wa tú jìtá náà kí a gbé e kúrò?"

Gil rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi? Jìtá yẹn? Mi ò mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ pe ẹlòmíràn o." Ó ká pépà rẹ̀. "Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo fẹ́ lọ sí ọsibítù. Boyd ti gbà. Mo kàn fẹ́ jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, àwa méjèèjì nìkan."

Thea jáde síta lọ pe ọsibítù lórí fóònù. Ọlọ́pàá tí wọ́n fi ṣọ́ yàrá Wendell dà? Nọ́ọ̀sì tó gbé e ní Boyd ti pè é padà láti wá darí mọ́tò níwájú gbọ̀ngàn. Òun nọ́ọ̀sì nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní aláìsàn mọ́kànlá.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ̀ ọ́," ni Thea wí.

"Kódà mọ̀lẹ́bí rẹ̀?"

"Kódà ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí nọ́ọ̀sì ní àgbègbè yẹn tó máa lé Gil Hostetler padà. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọkún láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé. Aago mẹ́ta ti kọjá. Yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀.

*

Emmett Sorley jókòó sórí bẹ́ǹṣì àtìmọ́lé, páálí bísíkíìtì wà lórí itan rẹ̀, kò sì tíì jẹ ju ẹyọ kan lọ. Kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Láti Ohio ló ti wa mọ́tò wá, inú mọ́tò náà ló sì sùn mọ́jú.

"Kí lo wá ṣe nínú gbọ̀ngàn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀?"

"Mo wá so máìkì mi mọ́ bákónì ni. A máa ń gba orin wọn sílẹ̀. Mo ń wá ibi tí mo máa ti fa iná sí ẹ̀rọ mi, mo wá ṣí ilẹ̀kùn kan, mo rí i pé òkùnkùn ni, mo bá pa á dé. Ibẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ mi ti bọ́." Ó gbé páálí náà sílẹ̀. "Arábìnrin, ó wà níbẹ̀ nígbà náà, àbí? Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ká ní mo tan ìmọ́lẹ̀ ni."

Thea jókòó tì í.

"Orin tí ẹ ń gbà sílẹ̀ yẹn, ta lẹ ń tà á fún?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, inú bí i. "A kì í tà á. Ẹni tó bá tà á, a ò ní bá a ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́ láyé. A máa kọ ọjọ́, ìlú, àti orúkọ ẹni tó lu kí ni sí i lára, a óò sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní in. Mo ní gbogbo alẹ́ tí Cutbank ṣeré, àfi mẹ́rin."

"Gbogbo rẹ̀? Kódà kí Wendell tó dé?"

"Pàápàá jù lọ kí Wendell tó dé."

Thea sún mọ́ ọn. "Nígbà yẹn, ta ló ń lu jìtá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin?"

Emmett sọ fún un. Thea dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé.

*

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Gil ti wọ kóòtù, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Boyd rí Emmett tó ń wọlé tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kó o mú ẹlẹ́wọ̀n mi jáde?"

"Kó wá fi ibi tó so máìkì rẹ̀ sí hàn mí ni, ọ̀gá."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá òtútù ò tíì bà á jẹ́," ni Emmett wí. Ó gun bákónì, ó fọwọ́ méjèèjì kan ibì kan, ó sì sọ̀ padà wálẹ̀.

"Ọ̀gá Gil," ni Thea wí, "ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ bá mi wo nǹkan kan." Ó tọ́ka sábẹ́ jìtá. "Ọ̀pá méjì yìí, kí ló dé tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n?"

"Mo ti sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ ọ́n."

"Nola mọ̀ ọ́n. Wendell tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè kọjá ara wọn. Àmọ́ wọn ò kọjá ara wọn lónìí."

"Bóyá ó yí ọwọ́ padà. Àgbà ti dé."

"Láàárín àná sí òní?" ni Nola béèrè.

"Mo gbà pé ẹlòmíràn ló tò ó," ni Thea wí. "Ẹni tó kọ́ ọ láti inú ìwé, tó so wọ́n tààrà bí ìwé ṣe wí. Ta ló tún lè tò ó nínú yín?"

"Kò sí," ni Gil wí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Emmett wúkọ́. "Columbia. Oṣù kẹta, ọdún 1991. Curtis sọ fún àwọn tó wà ní ilé ọtí náà pé, 'Gil ló wà nídìí jìtá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹ bá wa gbàdúrà.' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orin mẹ́rin lẹ lù, ọ̀gá. Ẹ má bínú, ẹ ò lù ú dáadáa."

"Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," ni Gil wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ.

"Mẹ́rìndínlógún. Àbúrò bàbá mi wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú téèpù nínú àpò kóòtù rẹ̀."

Àṣìṣe tí olórin ńlá kì í ṣe nìyẹn. Ẹni tí gbogbo ayé ń wò mọ̀ pé gbogbo ohun tóun bá ṣe ló wà lójú ẹnì kan. Ẹni tó ṣeré fún ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń rò pé ọjọ́ náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohunkóhun sọnù. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Gil ku ọdún kan kó pé.

Nola sún mọ́ ọn. "Kí ni Wendell fẹ́ fún mi?"

Gil jókòó sí etí pèpéle. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"'Omi Dé Àtẹ̀gùn'," ni ó wí. Orin tí gbogbo ènìyàn tó wà níta torí rẹ̀ wá ni. "Curtis ló kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kú, mo forúkọ mi sí i. Mo rò pé fún ìgbà díẹ̀ ni, títí ara á fi tù wá. Wendell ní ìwé tí Curtis fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí. Mo wá bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ pé kó má ṣe é níwájú èrò. Ó ní kí n kúrò lọ́nà, òun fẹ́ lọ gbé àga láti ìsàlẹ̀. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Nola, mi ò fẹ́ kó ṣubú."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo rò pé ó ti kú."

"O lọ wò ó?"

Gil yíjú kúrò lára rẹ̀.

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó kó o tó to jìtá yẹn tán?"

"Bí ogún ìṣẹ́jú."

"Ṣé ò ń gbọ́ ọ? Bó o ṣe ń tò ó, ṣé ò ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀?"

Gil wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rọ amúlégbóná ń pariwo," ni ó wí. "Mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Dáadáa," ni Nola tún sọ, jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù?" ni Thea béèrè.

"Mi ò mọ̀." Thea gbà á gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á jù.

Boyd sún mọ́ wọn. Ó ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ lọ́wọ́ Emmett, ó fi í sọ́wọ́ Gil, ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Ó mú un gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, nítorí èrò ti tò síwájú.

"Mo wá ìwé náà títí láàárọ̀," ni Gil wí lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò rí i."

Fóònù Thea dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó tẹ́tí sí i.

"Ó ti lajú," ni ó sọ fún Nola. "Kò tíì mọ ọjọ́ tí a wà. Ó kàn ń béèrè bóyá wọ́n fi jìtá òun sínú òtútù."

Nola jókòó lórí ìjókòó Wendell, ó sì sunkún díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó wo ìjókòó náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan, ó gbé orí ìjókòó náà sókè bí ọmọrí àpótí. Inú rẹ̀ ni Wendell máa ń kó okùn jìtá sí. Láàárín àwọn okùn náà ni pépà kan wà, tí wọ́n ká sí mẹ́rin, tí etí rẹ̀ ti pọ́n. Ìkọ̀wé Curtis ni.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Arábìnrin," ni Emmett wí, ó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ó yẹ kí n sọ fún yín. Nígbà tí mo gòkè lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ṣàì tẹ̀ ẹ́."

Thea gbójú sókè. Iná pupa kékeré kan ń tàn lókè bákónì, bí ojú ẹyẹ.

"Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Èyí, o ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ o."

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí i lára. Ọjọ́, ìlú, ẹgbẹ́." Ó ti yọ bírò jáde. Ó wo Nola, kò mọ bó ṣe máa béèrè. "Orúkọ orin, àti ẹni tó kọ ọ́."

Nola na pépà náà sí i kó lè wò ó kọ.

"Curtis Pruitt," ni ó wí. "Kọ ọ́ kó hàn."